Ẹ̀yin télọ̀ Òṣogbo: ṣé èèyàn 14 lè jọ ní ẹ̀rọ mónógíráàmù kan láìdìjà?

AránṣọÌgbọ̀nà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣí lọ ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ ṣì ń yọjú síbí. Télọ̀ ni mí, ìtòsí Ìgbọ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Àwa télọ̀ 14 la jọ ń dá èésú, kò sì sẹ́ni tó kó tirẹ̀ tán tó sá lọ rí.

Ohun tó ń dùn wá ni pé gbogbo agbádá àti bùbá tó bá ti fẹ́ iṣẹ́ ọnà lọ́rùn, ìta la ń gbé e lọ. Ẹni tó ní ẹ̀rọ mónógíráàmù ló ń dá iye lé e, ìgbà tó bá sì wù ú ló máa fún wa. Lásìkò ọdún Kérésì, owó tí mo san fún un lórí àwọn aṣọ kan ju èrè tí èmi tí mo rán an rí lọ.

Ẹnì kan nínú wa wá dá a lábàá pé ká so èésú rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ká fi owó rẹ̀ ra ẹ̀rọ tiwa, tókùnbọ̀ olórí kan (èyí tó ń ṣe aṣọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan), ká sì fi sólà tì í. Ti gbogbo wa ni yóò jẹ́. Inú àwọn kan dùn. Àwọn kan ní ohun tó bá ti jẹ́ ti gbogbo èèyàn, kì í sẹ́ni tí í tọ́jú ẹ̀. Ta ló máa gbé e sí ṣọ́ọ̀bù? Tẹ́nì kan bá fẹ́ lọ ńkọ́? Ẹni tó ń gbé fìlà kan wá lóṣù àti ẹni tó ń gbé agbádá ogún wá, ṣé iye kan náà ni wọ́n máa pín nínú èrè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú ẹ̀ rí ni mo fẹ́ gbọ́ látẹnu ẹ̀.

Kò-sówó-ọ̀fẹ́

Àbúrò, ẹ má bínú sí mi o. Ẹ jẹ́ kẹ́nì kan tó láyà nínú yín lọ yáwó, kó ra ẹ̀rọ náà, kẹ́yin tó kù máa gbéṣẹ́ fún un. Tó bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan, á mójú tó o. Ẹgbẹ́ kan wà ládùúgbò wa tó dáwó ra kánópì àti àga fún ìnáwó. Kó tó pọ́dún, àga ti wà nílé alága, kánópì wà nílé ìyàwó akọ̀wé.

Tólú_ÒgoOlúwa

Ilé ìyàwó akọ̀wé kẹ̀? Kì í ṣe ilé akọ̀wé fúnra ẹ̀? Ẹ ṣàlàyé o.

Kò-sówó-ọ̀fẹ́

Tólú, ìyàwó kejì. Ẹ jẹ́ ká máa bọ́rọ̀ bọ̀.

BàbáAkápò

Ọmọ mi AránṣọÌgbọ̀nà, ẹ kú làákàyè. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba báyìí, àmọ́ mo ṣe akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ọdún púpọ̀, nítorí náà mo mọ ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tẹ́ ẹ ti ní lọ́wọ́. Èésú yín, ẹnì kan kó lónìí, òmíràn kó lóṣù tó ń bọ̀. Tó bá yí po tán, owó oníkálùkù ti padà bọ́ sí i lọ́wọ́, kò sóhun kan tí ẹgbẹ́ ní. Ti aláàjọ tó ń wá lójoojúmọ́ ńkọ́? Owó ọjọ́ kan nínú oṣù ló ń mú gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ ẹ̀, ó sì kó ìyókù fún yín. Ìyẹn náà dára, ọ̀pọ̀ ìyálọ́jà tí báǹkì ò kà sí ló ti fi kọ́ ilé. Ẹ̀rọ tí èèyàn 14 jọ ni yàtọ̀ sí méjèèjì: owó ti wọlé, kò sì ní jáde mọ́ títí ẹ̀rọ yóò fi gbó. Ìdí nìyẹn tí ìfọkàntán nìkan ò fi tó o, àfi kẹ́ ẹ kọ ìwé.

Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ rí i pé ó wọnú ìwé òfin yín. Kí oníkálùkù ra ìpín, kó gba ìwé rẹ̀. Kó jẹ́ pé ìbò kan lẹnì kan ní, yálà ó ra ìpín kan tàbí márùn-ún. Kí èrè sì máa tẹ̀ lé bí oníkálùkù ṣe lo ẹ̀rọ tó. Ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀rọ̀ alájẹṣẹ́kù. Nígbà tiwa, èèyàn 10 ló kéré jù tí wọ́n ń gbà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ̀yin ti kọjá ìyẹn.

Ẹ̀yin ẹ má jẹ́ kí alága àti akápò jẹ́ ará ilé kan náà. Mi ò ní sọ̀rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

ỌmọOníwèé

Bàbá ti sọ ọ́ débi tó dùn mọ́ mi. Ìbò kan fún ẹnì kan yẹn kì í ṣe àṣà tuntun. Ní 1844, àwọn èèyàn 28 kan ní ìlú Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ahunṣọ, dáwó jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà. Owó iṣẹ́ wọn kéré, àwọn ontajà ìlú sì ń po nǹkan mọ́ oúnjẹ fún wọn. Wọ́n fi lélẹ̀ pé ọkùnrin àti obìnrin ní ìbò kan náà, àti pé tí èrè bá wọlé, bí oníkálùkù ṣe rajà tó ni yóò fi gbà nínú rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ìlànà tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ìyẹn alájẹṣẹ́kù, ń lò káàkiri ayé títí dòní ti wá.

Nílẹ̀ wa, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹgbẹ́ náà ní 1935, àwọn àgbẹ̀ kòkó ìwọ̀-oòrùn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dìde sí i. Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, àáró ti wà. Lónìí gbogbo wa lọ sóko Lágbájá, lọ́la ó di oko Tàmẹ̀dò, iye ọjọ́ tó o bá fún ẹlòmíràn ni wọ́n máa fún ìwọ náà. Ẹ ò rí i pé àwọn baba wa ń ṣírò ẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ kí ọwọ́ pọ̀ lóko òun láìsan án padà, ó máa bẹ ọ̀wẹ̀ ni, á sì se oúnjẹ tó pọ̀.

ÌyáGààríÒkèBaálẹ̀

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí o, èmi ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin télọ̀, àwa mẹ́sàn-án la jọ ra ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti jáàkì tí a fi ń fún un. Lọ́dún àkọ́kọ́ ó kù díẹ̀ ká fa ara wa láṣọ ya. Ẹnì kan nínú wa, ọkọ ẹ̀ lóko ńlá, tó bá di ọjọ́ Sunday tí gbogbo wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á gbé ẹ̀gẹ́ wá, á rìn ín, á gbé e lọ. Kò san nǹkan kan, ó ní ẹ̀rọ òun náà ni. Òótọ́ ló sọ, ẹ̀rọ ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló máa ra epo? Nígbà tí bẹ́líìtì já, gbogbo wa ń wo ojú ara wa.

Ohun tá a wá ṣe rèé. Ọmọkùnrin kan là ń sanwó fún láti máa fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni nínú wa, iye àpò tó bá rìn la fi ń sanwó ẹ̀. Kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni tí kò bá tíì sanwó, títí kan ìyálóde wa. Bó bá ti rin àpò kan, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri lábẹ́ orúkọ ẹni tó ni ín. Lálẹ́ Sátidé, akọ̀wé á ka ìlà, á kọ ọ́ sínú ìwé, á wá kà á sókè ketekete, torí kì í ṣe gbogbo wa la mọ̀wé. Ẹni tí kò bá fara mọ́ ọn, ibẹ̀ ló ti máa sọ ọ́. A ò kì í pa ìlà yẹn rẹ́ àfi tá a bá kà á tán.

Kò síjà mọ́ látìgbà náà. Ó dáa, ìjà wà, àmọ́ kì í ṣe lórí owó.

Ẹlẹ́rọAlékúwòdó

Mo máa ń tún irú ẹ̀rọ yẹn ṣe, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ohun tẹ́nikẹ́ni ò tíì sọ.

Àkọ́kọ́, ẹ̀rọ mónógíráàmù kò dà bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí oníkálùkù lè jókòó sí. Ẹ̀rọ olórí kan lè ní abẹ́rẹ́ 12 tàbí 15, kọ̀ǹpútà ló ń darí ẹ̀, húùkù ìsàlẹ̀ sì fẹ́ òróró lójoojúmọ́. Tí èèyàn 14 bá ń fọwọ́ kàn án, kò ní pẹ́ bàjẹ́. Ẹni kan ṣoṣo tó kọ́ṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa lò ó, bí ti ìyá onígààrí.

Èkejì, iná. Tí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, nígbà míì ọnà náà á sún díẹ̀, aṣọ náà sì ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo ti rí agbádá àlà tí ọnà ọrùn ẹ̀ pín sí méjì bí ẹni pé èèyàn méjì ló rán an. Nítorí náà, owó sólà àti bátìrì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé ẹ ra ẹ̀rọ tán kẹ́ ẹ wá máa wá owó iná.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló máa san owó aṣọ tó bá bàjẹ́. Tó bá jẹ́ pé aṣọ náà fẹ́lẹ́, tí ẹni tó ni ín ò sì ra pépà tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ẹ̀, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ló gbé fíréèmù sí i wọ́, ẹgbẹ́ ló ni ẹ̀bi. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń túká nìyí.

AránṣọÌgbọ̀nà

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin màmá. Ìlà ara ògiri yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Bàbá Akápò, ọ̀rọ̀ èrè ló kù tí kò tíì yé àwọn tó kù dáadáa. Ẹnì kan ní tí òun bá ra ìpín méjì, òun gbọ́dọ̀ gbà ju tiwa lọ.

BàbáAkápò

Ó máa gbà ju tiyín lọ díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi owó àfiṣàpẹẹrẹ ṣe é.

Ẹ gbà pé oníkálùkù yín ra ìpín ₦100,000. Ti 14 jẹ́ ₦1,400,000. Ó ṣeé ṣe kí ìyẹn má tó ra ẹ̀rọ àti sólà, ẹ̀ ẹ́ wá yá ìyókù, kí owó ìyá náà sì jẹ́ ti ẹgbẹ́. Lọ́dún kan, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ san ₦2,650,000 lápapọ̀ fún iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ṣe fún wọn. Lẹ́yìn owó òṣìṣẹ́, òwú, òróró, àtúnṣe àti gbèsè, ₦800,000 ṣẹ́ kù.

Ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́rin, ₦200,000, ẹ fi í pamọ́ sí àpò tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Òun lẹ máa fi ra ẹ̀rọ míì nígbà tí èyí bá dá sílẹ̀. Ẹ san náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún fún ìpín: ìyẹn ₦70,000, tó jẹ́ ₦5,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ra ìpín ju ti ẹlòmíì lọ, ibí nìkan ló ti máa gbà jù ú lọ. Ó ku ₦530,000. Ẹ pín in lé ₦2,650,000 tẹ́ ẹ san, á jẹ́ 20 kọ́bọ̀ lórí náírà kan. Ẹni tó gbé iṣẹ́ ₦300,000 wá láàárín ọdún gba ₦60,000 padà. Ẹni tó gbé ₦40,000 wá gba ₦8,000. Ṣé ó yé wọn báyìí? Ẹ̀rọ náà kì í ṣe láti sọ olówó di olówó sí i, fún ẹni tó ń lò ó ló wà.

Kò-sówó-ọ̀fẹ́

Ìṣirò bàbá dùn létí. Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀ sí báǹkì tí àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn? Wọ́n dá a ní 1953, ó gbilẹ̀, àwọn bàbá wa fowó sí i. Nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ ní kí báǹkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí, ó para pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, wọ́n di Skye Bank. Ní 2018, wọ́n gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Skye náà. Ibo wá ni ti àwọn àgbẹ̀ wà nínú ẹ̀?

ỌmọOníwèé

Ìbéèrè tó lágbára nìyẹn, ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Báǹkì tó fẹ́ bá àwọn ńláńlá dije lówó náà ti bọ́ sábẹ́ òfin àwọn ńláńlá. Ìbò tó ń tẹ̀ lé iye ìpín ni wọ́n ń dì níbẹ̀. Tí nǹkan bá ti débẹ̀, ẹgbẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, ì báà máa jẹ́ orúkọ àtijọ́.

Ṣùgbọ́n ibòmíràn wà ní Áfíríkà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Kẹ́ńyà. Ẹgbẹ́ àwọn onímàlúù ní Githunguri ti wà láti 1961, àwọn àgbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ wọn ní màlúù díẹ̀ díẹ̀. Wàrà tútù ni wọ́n ń tà fún ẹni tó máa sè é tẹ́lẹ̀. Ní 2004 wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ìṣèwàrà tiwọn, wọ́n ń tà á ní orúkọ Fresha. Èrè tí ẹlòmíràn ń jẹ lórí wàrà wọn, àwọn fúnra wọn ló wá ń jẹ ẹ́. Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mónógíráàmù yìí. Ní Kẹ́ńyà kan náà, onímátátù, ìyẹn ọkọ̀ akérò bíi dánfó wa, kò lè dá ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tàbí SACCO, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn.

Ní Gánà, àwọn àgbẹ̀ kòkó dá Kuapa Kokoo sílẹ̀ ní 1993. Akọ̀wé tó ń ra kòkó ló ń fi òṣùwọ̀n rẹ́ wọn jẹ. Wọ́n wá ní kí abúlé kọ̀ọ̀kan fúnra ẹ̀ máa yan ẹni tó máa wọn kòkó wọn. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ṣokoléètì kan ní Lọ́ńdọ́nù. Ẹni tó di òṣùwọ̀n mú ló ni ọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìlà ògiri ìyá onígààrí náà nìyẹn.

Ọ̀dọ́Aláápù

Ẹ̀yin àgbà, ẹ dákun, kí ló dé tẹ́ ò kàn gbé e sórí áàpù? Hello Tractor ń ṣe é fún tirakítọ̀ láti nǹkan bí ọdún 2014: àgbẹ̀ tí kò ní tirakítọ̀ máa pè é, onítirakítọ̀ á wá, áàpù ń wo ibi tó dé. Kò sí ìpàdé, kò sí alága, kò sí àríyànjiyàn.

BàbáAkápò

Ọmọ mi, iṣẹ́ dáadáa nìyẹn o, mi ò ta kò ó. Ṣùgbọ́n tirakítọ̀ náà ṣì lẹ́ni tó ni ín, àgbẹ̀ sì ń yá a lò ni. AránṣọÌgbọ̀nà ti ń yá ẹ̀rọ ẹni kan lò báyìí, ohun tó gbé e wá síbí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe áàpù tí wọ́n fi máa ń gba àyè lórí ẹ̀rọ, kí wọ́n má bàa tò láti aago márùn-ún ìdájí, mo fara mọ́ ọn. Ìpàdé kò ní parẹ́ nítorí ẹ̀.

ỌmọAbéré

Ìkìlọ̀ kan péré lèmi fẹ́ ṣe. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń yọ owó alájẹṣẹ́kù lórí owó oṣù wa, ó hàn nínú ìwé owó oṣù, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kò dé àpò ẹgbẹ́. Àwọn tó yáwó ń san án lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kí owó yín má gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá kó tó dé báǹkì, kó jẹ́ èèyàn mẹ́ta ló ń buwọ́ lùwé kí owó tó jáde, kí ìkéde báǹkì sì máa wọlé sórí fóònù ju ẹyọ kan lọ.

Tólú_ÒgoOlúwa

Ìkéde báǹkì sórí fóònù gbogbo wọn 14! Kò sẹ́ni tó máa lè fi owó ẹgbẹ́ jẹ súyà.

AránṣọÌgbọ̀nà

A ṣèpàdé lánàá, mo ní kí n wá jábọ̀. Àwọn mẹ́ta yọwọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó èésú tiwọn jẹ, a sì kó o fún wọn láìjà. Ó ku mọ́kànlá. Ṣọ́ọ̀bù àǹtí kan ní Ìgbọ̀nà tó ní ilẹ̀kùn irin la máa gbé e sí, ẹgbẹ́ á máa san háyà fún un lóṣooṣù bíi ti ẹni tí kò mọ̀ rárá. Òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ará ilé ẹnikẹ́ni. Ibi tá a ti jà jù ni ti ọ̀sẹ̀ Iléyá àti Kérésì: ta ló máa kọ́kọ́ ṣe? A ní kí ẹnì kan má gbé ju aṣọ mẹ́ta wá nígbà kan lásìkò ọdún, tó bá rí i gbà kó padà sẹ́yìn ìlà. Àwọn tó lóníbàárà púpọ̀ fajú ro, àmọ́ a dìbò, a sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, a ó san owó ìpín ẹ̀ fún un láàárín oṣù mẹ́fà, kì í ṣe lọ́jọ́ náà.

Kò-sówó-ọ̀fẹ́

Èmi ò ní wọ ẹgbẹ́ kankan o, ẹ mọ̀ mí. Àmọ́ mo ń rán fìlà, ṣọ́ọ̀bù mi ò sì jìnnà sí yín. Ẹlòó lẹ máa gbà lọ́wọ́ ará ìta?

AránṣọÌgbọ̀nà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa san ju ọmọ ẹgbẹ́ lọ díẹ̀, lówó lọ́wọ́, tí iṣẹ́ wa bá sì pọ̀ ẹ máa dúró. Èrè orí iṣẹ́ ará ìta, a ò ní pín in, àpò ìfipamọ́ ló ń lọ. Ẹlẹ́rọAlékúwòdó, ṣé ẹ máa lè bá wa wo tókùnbọ̀ náà ká tó sanwó?

Ẹlẹ́rọAlékúwòdó

Màá wá. Ẹ gbé aṣọ tẹ́ ẹ máa ń rán jù lọ dání, agbádá tó nípọn, kí wọ́n rán ọnà ọrùn ẹ̀ tán pátápátá lójú yín, kí gbogbo abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́, kì í ṣe òdòdó kékeré orí ègé aṣọ tí wọ́n fi máa ń tan èèyàn. Tẹ́ni tó ń tà á bá ní iná ò sí, ẹ ní ẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ míì, kẹ́ ẹ sì gbé owó yín padà lọ.